GPS àfọwọ́mú wo ló yẹ ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí omi? Ohun tó yẹ kẹ́ẹ mọ̀ kẹ́ẹ tó náwó

Bí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa, tí kùrukùru sì bo Ọ̀sà Èkó láàárọ̀, ẹni tó wà láàárín omi lè máà rí Ìkòròdú, kó má sì rí Afárá Kẹta. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ á kàn funfun bákan náà ni. Ọ̀sà yìí gùn ju kìlómítà 50 lọ, ìbú rẹ̀ sì wà láàárín kìlómítà 3 sí 13. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó bá ṣìnà, epo ló máa jó dànù. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ wa tiẹ̀, agbára apá rẹ̀ ló ń lọ, wọn kì í sì í ta agbára apá nílé epo.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ GPS àfọwọ́mú fi ṣe pàtàkì fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, yálà apẹja tó ń wa ọkọ̀ onípákó ni, tàbí ẹni tó ń fi kayak ṣeré lópin ọ̀sẹ̀. Kayak ni ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan tàbí méjì máa ń jókòó sínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tó ní abẹ lápá méjèèjì wà. Àwọn méjèèjì jókòó sítòsí omi gan-an, omi ń ta sí wọn lára, ọwọ́ wọn kì í gbẹ, ọkọ̀ wọn sì lè dojú dé nígbàkigbà.

Tẹ́ẹ bá dé ọjà tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì, oríṣiríṣi GPS lẹ máa bá, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi. Kí wá ni kéèyàn wò? Ohun mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ yìí gbọ́dọ̀ lè ṣe fún yín nígbà tí ọwọ́ yín bá tutù, tí àyà yín sì ń já: kó sọ ibi tẹ́ẹ wà, kó mú yín padà síbi tẹ́ẹ ti wá, kó sì fún yín ní nọ́ńbà tẹ́ẹ lè kà fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbà yín. Ohun yòówù tó bá kù lórí ẹ̀rọ náà, ẹ̀yìn mẹ́ta yìí ló wà.

Ṣé GPS ń jẹ dátà?

Rárá o. Sátẹ́láìtì ìjọba Amẹ́ríkà tó lé ní 24 ló ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè. Wọ́n ń kéde àkókò láìdákẹ́, bí ìgbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín kàn ń gbọ́ ni. Tó bá ti gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì mẹ́rin, á ṣírò bó ṣe jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á sì mọ ibi tẹ́ẹ wà. Bí rédíò yín kò ṣe ń jẹ dátà kẹ́ẹ tó gbọ́ ìròyìn, bẹ́ẹ̀ náà ni GPS rí.

Ọdún 1978 ni wọ́n fi sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sókè, iṣẹ́ ológun ni wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da èyí tí aráàlú ń lò rú díẹ̀ kó má bàa péye jù. Àtìgbà tí wọ́n ti dá ìyẹn dúró ni ẹ̀rọ olówó kékeré pàápàá ti ń péye. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tún ń gbọ́ sátẹ́láìtì àwọn ará Rọ́ṣíà, ti Yúróòpù àti ti Ṣáínà. Lórí omi, kò sí ilé gogoro, kò sí òkè, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, àṣìṣe ẹ̀rọ kì í sábà ju mítà díẹ̀ lọ. Tí òǹtajà bá ní kẹ́ẹ fowó kún owó torí pé èyí tí òun mú dání ń gbọ́ sátẹ́láìtì ju ìyókù lọ, ẹ tọ́jú owó yín. Inú igbó kìjikìji àti àárín ilé gíga ni ìyẹn ti wúlò jù.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn. Bí ẹni tó wà níwájú máíìkì kò ṣe lè rí ẹni tó ń gbọ́ rédíò nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì GPS kò ṣe mọ̀ pé ẹ wà níbì kankan. Ẹni tó bá sọnù sórí omi tòun ti GPS lásán lọ́wọ́, òun nìkan ló mọ ibi tó wà. Àfi tó bá rí ọ̀nà sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

Fóònù ńkọ́, ṣé kò tó?

Fóònù náà ní GPS nínú, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ lẹ́bàá èbúté fún wákàtí kan tàbí méjì, fóònù tó wà nínú àpò tí omi kò lè wọ̀ lè tó. Ẹ kàn ti gba máàpù sílẹ̀ látilé ni, pẹ̀lú áàpù tó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà, bíi Organic Maps tàbí OsmAnd.

Ibi tí fóònù ti máa ń dójú tini nìyí. Àkọ́kọ́, ojú fóònù kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka tó tutù àti ẹ̀kán omi. Ẹ máa tẹ ibí, á lọ sí ọ̀hún. Èkejì, tí oòrùn ọ̀sán bá ràn sí i, àwòrán ara yín lẹ máa rí nínú rẹ̀, kì í ṣe máàpù. Tó bá tún gbóná jù, ó lè pa ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta, tẹ́ẹ bá tan máàpù sílẹ̀ látàárọ̀, bátìrì lè má bá yín dalẹ́. Ẹ̀kẹrin ló sì burú jù: fóònù kan náà yìí lẹ fẹ́ fi pe ẹni tó máa gbà yín. Tẹ́ẹ bá ti lo bátìrì rẹ̀ tán lórí máàpù, kí lẹ fẹ́ fi pè wọ́n?

Nítorí náà, GPS kò wá lé fóònù lọ. Ó wá gba iṣẹ́ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kí fóònù lè wà ní pípa, kó gbẹ, kí bátìrì rẹ̀ sì kún dé ọjọ́ ìṣòro.

Ohun mẹ́fà tó yẹ kẹ́ẹ wò lára GPS

1. Ṣé omi kò lè wọ̀ ọ́, ṣé ó sì ń léfòó? Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ wá àmì IPX7 lára páálí rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n IPX7 kò sọ pé kò ní rì o. Garmin eTrex tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà ní àmì yìí, síbẹ̀ bó bá bọ́ sómi, ìsàlẹ̀ ló ń lọ bí òkúta. GPSMAP 78 àti 79 tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe fún àwọn olómi máa ń léfòó, àmọ́ wọ́n tóbi, owó wọn sì ga. Ẹni tó bá ra èyí tó ń rì lè so fóòmù tó ń léfòó mọ́ ọn. Èyí tó wù kẹ́ẹ rà, ẹ fi okùn so ó. Ara ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn lékè omi ni kẹ́ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ara ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e lọ, ẹ̀rọ á ṣì wà lọ́dọ̀ yín.

2. Ṣé bọ́tìnnì ló ní? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀ dùn ún lò nílé. Lórí omi, bọ́tìnnì gidi tí ìka lè mọ̀ láìwò ó ló dára. Ẹ fọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ẹ wò ó bóyá àtàǹpàkò yín dé gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, torí ọwọ́ kejì á wà lára àjẹ̀.

3. Ṣé ojú rẹ̀ hàn nínú oòrùn? Ẹ má kàn wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e jáde síta. Ojú àwọn GPS tí wọ́n ṣe fún ìta máa ń hàn kedere sí i bí oòrùn bá ṣe ń ràn sí i, ó sì lè dà bíi pé kò mọ́lẹ̀ tó nígbà tẹ́ẹ bá wà nínú ilé. Ẹni tó ń lo awò ojú láti kàwé gbọ́dọ̀ wò ó láìlo awò, torí ó ṣeé ṣe kí awò má sí lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro.

4. Irú bátìrì wo ló ń lò? Àwọn kan ní bátìrì inú tó ń gba iná bíi ti fóònù. Àwọn kan ń lo bátìrì AA méjì, irú èyí tí wọ́n ń fi sí aago ògiri. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, AA ní àǹfààní: méjì míì nínú ike tó dé dáadáa ti tó, ẹ ò nílò ṣọ́jà kankan. Garmin sọ pé eTrex 22x lè lo wákàtí 25 lórí AA méjì, GPSMAP 78 sì lè lo wákàtí 20. Bátìrì tó dáa ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n o. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú kò ní sún mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀rọ kan tún máa ń béèrè irú bátìrì tẹ́ẹ fi sínú wọn. Tẹ́ẹ bá yan èyí tí kò bá a mu, bátìrì lè tán lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń sọ pé ó kù dáadáa.

5. Ṣé kọ́ḿpáàsì wà nínú rẹ̀? GPS tí kò ní kọ́ḿpáàsì máa ń mọ ibi tẹ́ẹ dojú kọ nígbà tẹ́ẹ bá ń rìn nìkan. Tẹ́ẹ bá dáwọ́ àjẹ̀ dúró láti sinmi, afẹ́fẹ́ á yí ọkọ̀ yín padà, ọfà ojú ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ lèèyàn ti ń gba ọ̀nà òdìkejì. Tí owó yín kò bá ká èyí tó ní kọ́ḿpáàsì, ẹ ra kọ́ḿpáàsì kékeré lọ́tọ̀, kẹ́ẹ sì rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kẹ́ẹ tó gba ọfà náà gbọ́.

6. Ṣé ó rọrùn láti sàmì síbi tẹ́ẹ wà? Ó yẹ kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo lè fi àmì sí ojú ibi tẹ́ẹ wà lójú ẹsẹ̀. Tí ẹnì kejì yín bá já sómi tí ìgbì sì ń gbé yín lọ, àmì yẹn ló máa mú yín padà síbi tó ti já. Tẹ́ẹ bá gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnnì mẹ́rin tàbí márùn-ún kẹ́ẹ tó ṣe é, ẹ wá òmíràn.

Nọ́ńbà kan tí kò yẹ kẹ́ẹ fojú rénà

Gbogbo GPS ló ń sọ bẹ́ẹ ṣe ń yára tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìyẹn sí ohun ìṣeré, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ òtítọ́ nípa omi tó ń ṣàn. Ká ní apá yín lè wa ọkọ̀ ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ẹ sì fẹ́ rin kìlómítà 10 padà sílé. Lórí omi tó dúró, wákàtí méjì ni. Ṣùgbọ́n tí omi bá ń ṣàn bọ̀ wá pàdé yín ní kìlómítà 3 ní wákàtí kan, kìlómítà 2 péré lẹ máa rìn ní wákàtí kan. Wákàtí márùn-ún nìyẹn. Ẹni tó gbéra ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó rò pé aago mẹ́fà lòun máa dé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa dé.

Ojú kò lè rí èyí, torí omi tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ á jọ pé ẹ ń sáré. Tí GPS bá ti sọ pé eré yín já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti tó àkókò láti wá etí omi, pàápàá fún ẹni tó wà nítòsí ẹnu Ọ̀sà Èkó, níbi tí omi ti máa ń fagbára fa nǹkan sínú òkun nígbà tó bá ń fà sẹ́yìn.

Ọ̀nà tààrà kọ́ ni ọ̀nà ilé nígbà gbogbo

Ọ̀nà méjì ni GPS máa ń gbà mú èèyàn padà. Èkíní, ẹ máa yan àmì tẹ́ẹ fi sí èbúté, ẹ̀rọ á sì fa ìlà tààrà láti ibi tẹ́ẹ wà dé ibẹ̀. Èkejì, á máa tọ ipasẹ̀ tẹ́ẹ gbà wá padà, kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀. Ní ìta gbangba ọ̀sà, ìlà tààrà dára. Láàárín àwọn odò tóóró tó gba inú ẹrẹ̀ àti igbó etí omi, bíi lápá Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì tàbí ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlà tààrà lè là àárín erékùṣù kọjá. Ipasẹ̀ ara yín ló ṣeé gbọ́kàn lé níbẹ̀, torí ẹ mọ̀ dájú pé ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wá ṣàyẹ̀wò pé ẹ̀rọ tẹ́ẹ fẹ́ rà ń tọ́jú ipasẹ̀, kẹ́ẹ sì tàn án ní èbúté, kì í ṣe ní ìdajì ọ̀nà.

Máàpù náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè fi igi tí àwọn apẹja rì mọ́ ilẹ̀ hàn yín, kò mọ ibi tí gẹdú ti ń léfòó, kò sì mọ ibi tí koríko orí omi ti dí ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí àmì tẹ́ẹ bá fọwọ́ ara yín fi síbẹ̀ fi níye lórí ju máàpù tẹ́ẹ rà lọ. Àwọn àgbà sọ pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ bi àwọn apẹja àdúgbò, kẹ́ẹ sì fi ohun tí wọ́n bá sọ sàmì sínú ẹ̀rọ.

Àṣìṣe kan tó lè gbé olùgbàlà lọ sínú òkun

GPS lè kọ ibi tẹ́ẹ wà ní ju ọ̀nà kan lọ. Ẹ gbà pé ẹnì kan wà láàárín Ọ̀sà Èkó, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì kọ dígíríì 6 àti ìṣẹ́jú 30 ní àríwá, dígíríì 3 àti ìṣẹ́jú 30 ní ìlà-oòrùn. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígíríì kan, nítorí náà ìdajì ni ìṣẹ́jú 30. Lọ́nà kejì, 6.5 àti 3.5 ni ibẹ̀ yẹn.

Tó bá wá fẹ̀rù kígbe sínú fóònù pé òun wà ní "6.30, 3.30", tí ẹni tó ń gbọ́ sì tẹ̀ ẹ́ sínú máàpù bẹ́ẹ̀, ibi tó máa gbé jáde á fi ohun tó ju kìlómítà 30 jìnnà sí i. Inú Òkun Àtìláńtíìkì ni. Wọ́n á máa wá a nínú òkun, òun á sì wà nínú ọ̀sà.

Ẹ yan ọ̀nà kan, kẹ́ẹ fi sórí ẹ̀rọ yín, kí ẹni tó wà nílé náà sì fi sórí fóònù tiẹ̀. Èyí tó ní àmì ẹ̀sún nìkan, bíi 6.5, ló rọrùn jù fún ẹni tó fẹ́ kà á lórí fóònù, torí bẹ́ẹ̀ ni Google Maps ṣe sábà máa ń kọ ọ́. Ẹ kà á nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó gbọ́ ọ sì kà á padà fún yín.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tó ń wa kayak nítòsí èbúté, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jìnnà sí i, lè lo fóònù nínú àpò omi tàbí kó ra GPS kékeré tó ń lo AA. Kò nílò máàpù olówó gọbọi.

Apẹja tàbí ẹni tó ń sọdá ọ̀sà ní ìdájí nílò èyí tó ní bọ́tìnnì, kọ́ḿpáàsì àti ìtọ́jú ipasẹ̀. Tó bá lè ra èyí tó ń léfòó, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń jáde sínú òkun gangan, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ti ń pòórá, ló yẹ kó ronú nípa irú èyí tó lè ránṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ gba orí sátẹ́láìtì, bíi àwọn tí Garmin ń pè ní inReach. Ìwọ̀nyí kì í gbọ́ nìkan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ padà nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Iridium. Ṣùgbọ́n wọ́n ní owó ìdókòòwò tẹ́ẹ gbọ́dọ̀ máa san. Tẹ́ẹ ò bá san án, bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ yẹn kò ní ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ní kí ẹbí tó wà ní London tàbí Houston bá wọn rà á. Kò burú, GPS ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo láyé. Máàpù inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù lè má ní Nàìjíríà nínú, ojú rẹ̀ á kàn ṣófo tẹ́ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́. Máàpù ọ̀fẹ́ OpenStreetMap wà tí wọ́n lè fi sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹni tó rà á bá yín ṣe é kó tó fi ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ inReach àlòkù, kí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín yọ ọ́ kúrò lórúkọ ara rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè lò ó.

Ẹ ṣí ilé bátìrì rẹ̀ wò. Tí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, tàbí tí rọ́bà tó yí i ká ti sán, omi á wọlé. Ẹ tàn án níta, kẹ́ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ kó rí sátẹ́láìtì, torí ẹ̀rọ tó ti pẹ́ ní pípa tàbí tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kẹ́ẹ tó kúrò létí omi

GPS kì í gbé èèyàn lékè omi. Ẹ̀wù tó ń ṣe ìyẹn ló ṣáájú, tí owó kan ṣoṣo bá sì wà lọ́wọ́, òun ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ rà. Àwọn aláṣẹ ojú omi bíi NIWA àti LASWA náà kò yéé kìlọ̀ nípa ẹ̀wù yìí àti nípa ìrìn alẹ́ lórí omi. GPS kò sọ òru di ọ̀sán.

Ẹ lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti fi ẹ̀rọ náà rìn ládùúgbò. Ẹ sàmì sẹ́nu ọ̀nà ilé yín, ẹ rìn lọ síbi tó jìnnà díẹ̀, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó mú yín padà. Ẹ ti ọwọ́ bọ omi kẹ́ẹ tó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ ìrìn gan-an, ẹ sàmì sí èbúté kẹ́ẹ tó ti ọkọ̀ kúrò, kẹ́ẹ sì sọ fún ẹnì kan ibi tẹ́ẹ ń lọ àti aago tẹ́ẹ máa dé. Tẹ́ẹ bá padà dé láti omi oníyọ̀, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ẹ̀rọ náà, kẹ́ẹ sì nu ún gbẹ kẹ́ẹ tó ṣí ilé bátìrì rẹ̀.

Tí ìṣòro bá dé lórí omi ní Èkó, 112 tàbí 767 ni kẹ́ẹ pè. Ẹ ka nọ́ńbà ojú GPS fún wọn, ẹ dúró ti ọkọ̀ yín, kẹ́ẹ má sì pa fóònù.